Ẹni Tó Ń Gbọ́ Mi

Ohùn ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ni ohùn tó wá.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, etí ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo igbó ńlá ẹ̀yìn ìlú wọn ti so àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ orí igi káàkiri, oòrùn ló sì ń fún wọn ní iná. Etí igbó ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Ohunkóhun tó bá dún nínú igbó, àwọn etí yìí á gbọ́ ọ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ti mọ ohùn ẹyẹ, ó mọ ti ọ̀bọ, ó mọ ti odò tó fẹ́ kún. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìgégi ló gbọ́, kíá ni fóònù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á ké, á sì sọ ibi tí wọ́n ti ń gé igi fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá rú u lójú, ọmọbìnrin yìí ni yóò gbé e wá bá pé kó bá òun fún un lórúkọ. Orúkọ tó bá fún un, abẹ gé e. Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ẹni tó bá kọ́ ọ ló ń gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin náà ní Elétí.

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan bá gun igi lọ pààrọ̀ bátìrì, ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí etí ọ̀hún kí wọ́n lè mọ̀ ní ọ́fíìsì pé ó ń gbọ́ràn dáadáa. "Halóò, halóò" ni àwọn yòókù máa ń wí, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí tirẹ̀ yàtọ̀.

"Ẹ̀ṣọ́ ni o. Mo ti dé orí igi. Ẹni tó ń gbọ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Elétí bú sẹ́rìn-ín nídìí kọ̀ǹpútà. Ta ló ń bi ẹ̀rọ bóyá ó ti jẹun?

Ìgbà tó gun igi mìíràn, ó ní, "Ẹni tó ń gbọ́ mi, èèrà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán níbí o. Bí mo bá kú, ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé orí igi ni mo kú sí, kì í ṣe ilé ọtí. Ṣé ẹ ti jẹun?" Kò sí ìgbà kan tí kò béèrè. Ó wá di pé Elétí ń retí rẹ̀. Kò lè dá a lóhùn, nítorí etí igbó kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ nìkan ló mọ̀. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tó dára lọ síbi iṣẹ́, ó ń fín lọ́fínńdà sára, bí ẹni pé ẹni tó wà lórí igi lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí òjò ba àwọn ẹ̀rọ kan jẹ́, ọkùnrin gíga kan kó wọn sínú àpò wá sí ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí.

"Mo ti jẹun," ni Elétí dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kó tó rántí pé ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù yíjú wò ó. Ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni?" ló bi í. "Ìwọ ni ẹni tó ń gbọ́ mi?"

Ojú ti Elétí débi pé ilẹ̀ ló ń wò. Ṣùgbọ́n ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti parí, Ẹ̀ṣọ́ á ti wà lẹ́nu géètì tó ń dúró dè é. Wọ́n á rìn, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé orígun àdúgbò Elétí. Níbẹ̀ ni Elétí á ti ní kó padà. Ẹ̀ṣọ́ ò béèrè ìdí rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó béèrè, Elétí sọ fún un: agégi ni bàbá òun.

Kí ìjọba tó ti igbó pa, igi ni bàbá náà gé tó fi kọ́lé, igi ló gé tó fi rán ọmọ rẹ̀ níwèé tí ọmọ fi dẹni tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn tí wọ́n tì í pa, wọ́n mú bàbá nínú igbó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gba ẹ̀rọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, adájọ́ sì kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá tún mú un, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ́fíìsì pín ilé oyin fún àwọn agégi tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń bá wọn wá oníbàárà lórí fóònù. Àwọn kan gbà á, ara sì tù wọ́n. Bàbá ò gbà.

"Èmi? Kí n máa sin kòkòrò? Kí kòkòrò máa lọ síbi iṣẹ́, kí èmi jókòó sílé máa retí rẹ̀?"

Àǹtí Aránṣọ, àbúrò ìyá Elétí, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Obìnrin náà lẹ́nu, kò sí ẹni tí kò lè bá sọ̀rọ̀. Ó wọlé tọ bàbá lọ, ó jókòó, ó tún ìró ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan wá bá mi nítorí ọmọ yín."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwà rẹ̀ fún yín."

"Bí o ò bá lè kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀, á jẹ́ pé olè ni, àbí ẹ̀ṣọ́ igbó."

Àǹtí tún ìró rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀ṣọ́ igbó ni!" Bàbá dìde dúró. "Wọ́n gba ẹ́ńjìnnì mi, wọ́n tún fẹ́ gba ọmọ mi. Kí ló kù? Ẹ ní kó wá gbé àga yìí náà."

"Kì í ṣe òun ló gba ẹ́ńjìnnì yín."

"Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀."

Ìyá Elétí dá sí i láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Baálé mi, ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí odò kún? Etí igbó yẹn ló gbọ́ omi láti òkè, tí fóònù wa fi ké níbi tá a ti ń fọṣọ, tá a fi sá. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò bá ti máa dá sùn báyìí."

"Kó lọ fẹ́ etí náà nígbà náà," ni bàbá wí.

Ẹ̀ṣọ́ ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bàbá ò fún un ní àga.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Bó o bá gbọ́ pé ẹ̀rọ mi ń ké nínú igbó, kí lo máa ṣe?"

Elétí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń gbàdúrà kó purọ́ díẹ̀.

"Màá wá, sà."

"Bó bá jẹ́ pé èmi ni bàbá ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Màá tètè wá ni, sà."

Bàbá wò ó títí. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó dára. O kì í purọ́. Jáde nílé mi."

Àǹtí tún lọ, ó tún bẹ̀ ẹ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ẹ̀ṣọ́ ń sọ fún Elétí pé kó fọkàn balẹ̀, pé agbára bàbá ò lè ju ti omijé ọmọ lọ. Elétí ń gbọ́, àmọ́ kò dá a lójú.

Ẹ̀rọ ìgégi àtijọ́ kan wà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ò rí gbà lọ́wọ́ bàbá, tó fi pamọ́ sókè àjà. Arúgbó ló sọ ọ́. Kí Arúgbó tó jí, á kọ́kọ́ wúkọ́, á tún wúkọ́, á wá fi ìbínú gbaná. Láti kékeré ni ikọ́ yìí ti ń jí Elétí láàárọ̀, nígbà tí bàbá bá ń tún un ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà gbé ohùn kan wá bá a láti orí igi ràbàtà tó wà lẹ́bàá odò. Ó rú u lójú. Kí lèyí? Elétí gbé ìgbọ́hùn sétí. Ohun náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó gbaná.

Bó bá pe ohùn yìí ní orúkọ rẹ̀, fóònù á ké, Ẹ̀ṣọ́ á sì lọ. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá, kì í sì í purọ́. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ́ òun ni yóò mú bàbá òun lọ sẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ náà, bàbá ti lọ, ìgbéyàwó ti lọ, ìyá á jókòó sínú ilé tó ṣófo. Ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀bá odò náà kọjá. Ta ni yóò mọ̀?

Ó tẹ̀ ẹ́ pé: alùpùpù.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tún gbé e wá. Alùpùpù. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọmọ tó fẹ́ mọ̀wé. Alùpùpù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò béèrè mọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n.

Elétí gbìyànjú láti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sígbó mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń lọ?"

"Mo kàn ń bẹ̀ yín ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sún àwo ẹran sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyá mi, jẹun. Bí wọ́n bá gbọ́ mi, kí wọ́n tó dé, mo ti lọ. Ẹsẹ̀ mi ṣì yá ju ti àwọn ọmọ yẹn lọ." Inú rẹ̀ dùn gan-an sí ara rẹ̀. Elétí ò lè sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń lé e.

Ìgbà òjò ni ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dé, ilẹ̀ rọ̀, gbòǹgbò igi ò dúró. Bàbá jáde láàárọ̀. Elétí wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí àwọn ohùn tí ẹ̀rọ ti mọ̀ máa ń gbà kọjá, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ó rí i tó kọ alùpùpù. Ó tún kọ alùpùpù. Ọ̀sán gbogbo ló fi ń kọ ọ́. Elétí rí i, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ bàbá pọ̀ lónìí. Ó yíjú síbòmíràn.

Nígbà tí oòrùn ń lọ tí bàbá ò dé, ìyá rẹ̀ sáré lọ bá Àǹtí Aránṣọ, Àǹtí pe Ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Igbó ńlá ni.

"Ẹ lọ sí ìdí igi ràbàtà ẹ̀bá odò," ni Elétí wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹ̀ṣọ́ ò dúró gbọ́ èsì.

Wọ́n bá bàbá lábẹ́ igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Igi náà ti yí, ó wó lù ú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Arúgbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, epo inú rẹ̀ ti gbẹ. Lókè orí rẹ̀ gan-an ni etí igbó wà. Wọ́n gbé igi kúrò, Ẹ̀ṣọ́ sì gbé e pọ̀n sẹ́yìn, nítorí ọkọ̀ ò lè débẹ̀.

"Mo pè ọ́," ni bàbá ń wí sí i létí. "Ohùn mi ò lọ jìnnà, mo wá ń tẹ Arúgbó. Mo ní bó bá ti ké, wọ́n á dé. Mo tẹ̀ ẹ́ títí epo fi tán."

"Bàbá, mi ò gbọ́. Ẹ má bínú, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"O ní wàá wá."

"Mo ti wá, sà. Ẹ dì mí mú."

Wọ́n rìn díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ rò pé ó ti sùn. Bàbá tún lanu. "Ẹni tó pọ̀n mí báyìí, kí ni mo tún fẹ́ fi dù ú? Mú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bó bá pè ọ́, kó o máa gbọ́ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kí wọ́n tó dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó ti kú sí i lẹ́yìn.

Wọ́n sin bàbá. Ìyá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ilẹ̀ tutù díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, nítorí ọ̀rọ̀ tí òkú sọ kẹ́yìn kì í ṣe ohun tí à ń gbé ṣeré. Ohun tí Elétí ń fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, kò lè fi ojú wo ojú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ti rù. Kì í ṣàwàdà mọ́. "Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà," ló máa ń wí. "Ṣé fóònù mi kú ni? Ṣé mo sùn lọ ni? Ó ń pè mí, ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí pé mo ní màá wá. Mo ń rò ó pé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọ́ràn wà fún?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ni Elétí máa ń dáhùn.

"Ẹ̀bi ta wá ni?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ti Elétí ò dákẹ́. Orí ẹlòmíràn ló gùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Elétí sì ń wò ó. Ó lanu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omijé ló jáde, Ẹ̀ṣọ́ rò pé ti bàbá rẹ̀ ló ń sun, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyẹn ló burú jù.

Ní ọ̀sán kan, ó ṣí àwọn ohùn ọjọ́ náà, ó gbé ìgbọ́hùn sétí. Arúgbó ń ké, ó ń dákẹ́, ó ń ké. Láàárín rẹ̀ ni ohùn bàbá rẹ̀ wà. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń pè, kì í ṣe òun náà ló ń pè.

"Ẹ̀ṣọ́! O ní wàá wá o!"

Elétí gbọ́ ọ tán. Kò fò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúkọ wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ alùpùpù, ó ń fi ẹ̀rọ ìgégi síbẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí a bá tún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ á ké sí ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ìsinsìnyí ló gbọ́ ọ, á sì kọ ọjọ́ tó dún àti orúkọ ẹni tó tún un ṣe sí i. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ, ó rán ẹ̀rọ sọ ọ́.

Ìsọ̀ Àǹtí Aránṣọ ni Ẹ̀ṣọ́ wà, tí Àǹtí ń wọn aṣọ ìgbéyàwó fún un. Ó ti wọn àyà, ó ti wọn apá kan. Fóònù ké lórí tábìlì. Ó tún ké. Kò sì dákẹ́.

"Ta ló ń pè ọ́ tó báyìí?" ni Àǹtí bi í.

Ẹ̀ṣọ́ gbé e wò. Ẹ̀bá odò, igi ràbàtà. Ẹ̀bá odò, igi ràbàtà. Ọjọ́ tí bàbá kú ló wà lára gbogbo rẹ̀, orúkọ Elétí sì wà nísàlẹ̀. Ó kà á títí fóònù náà fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó rántí pé òun ti béèrè rí pé báwo lo ṣe mọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́," ni ó wí. Ó jáde, téèpù Àǹtí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Elétí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá ò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní kó parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì máa lọ, pé ẹ̀rọ tí a bá ti parọ́ fún kì í mọ̀ pé wọ́n parọ́ fún òun. Àǹtí lọ bá Ẹ̀ṣọ́ nílé, ó bẹ̀ ẹ́, ó padà wá, ó ní kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá ni kò tíì gbọ́. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ tí Elétí ń kó ẹrù rẹ̀ lórí tábìlì, ohùn kan wọlé láti ẹ̀bá odò. Ó fura kó tó gbé ìgbọ́hùn sétí.

"Ẹ̀ṣọ́ ni o. Mo ti dé orí igi."

Lẹ́yìn ìyẹn, òjò nìkan ló ń kán sórí ewé. Elétí rò pé ó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹni tó ń gbọ́ mi. Mo ti gbìyànjú kí n kórìíra rẹ, kò ṣeé ṣe. Mo gbìyànjú kí n dárí jì ọ́, ìyẹn náà ò tíì ṣeé ṣe. Ká ní o sọ fún mi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Bóyá èmi náà ì bá pè é ní alùpùpù." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá ní kí n mú ọ, mo sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Màá wá."

Elétí ń dúró de ìyókù. Ẹ̀ka igi dún, bàtà kanlẹ̀, ó ti lọ. Kò béèrè bóyá ó ti jẹun.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà láìsí ariwo. Apá aṣọ ọkọ kan kúrú ju èkejì lọ, nítorí Àǹtí ò rí i wọ̀n tán. Ìyá fi ọwọ́ lé wọn lórí, ó súre fún wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀ṣọ́ pé òun ló gbé ọkọ òun jáde nínú igbó. Elétí àti ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

Ilé wọn wà létí títì. Ọkùnrin dáadáa ni. Kì í jágbe mọ́ ọn, kì í rántí ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Wọ́n á jókòó jẹun ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti nípa ilé. Bí alùpùpù bá ti ń bọ̀ lókèèrè, èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì á dákẹ́ títí yóò fi kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ á bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Elétí á ní òun ti jẹun, àwo rẹ̀ á sì wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn án.